Sáfà tòkunbọ̀ oníkọ́ọ̀ 28 tàbí dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun oníkọ́ọ̀ 16: èwo ni ó tọ́ fún ilé iṣẹ́ fídíò?

Ìbéèrè: Ayàwòrán Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó ná owó tí mo ti ń tọ́jú.

Mo ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, níbi tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ti ń ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè àti ọdún ìbílẹ̀. Bí oṣù kẹjọ bá dé tí ọdún Ọ̀ṣun bá bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ máa ń pọ̀ débi pé àwọn oníbàárà á máa pè wá lóòjọ́ láti béèrè fídíò wọn. Láàpútọ́ọ̀pù tí a ń lò kò gbé e mọ́. Bí mo bá gbé fídíò 4K sí orí timeline (ibi tí a ti ń to fídíò) nínú Premiere Pro, ètò tí a fi ń gé fídíò, àwòrán á máa dúró, á máa fò, bí mo bá sì tún àwọ̀ ṣe, n ó dúró pẹ́ kí n tó rí ohun tí mo ṣe.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú mi. Èkíní ni HP Z840 tòkunbọ̀ kan tí ẹnì kan tí ó ń ta ọjà ní Computer Village, Ìkẹjà, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Xeon E5-2680 v4 méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ní kọ́ọ̀ 14 (kọ́ọ̀ ni àwọn apá inú prọ́sẹ́sọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an), RAM rẹ̀, ibi tí ó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, sì jẹ́ 128GB. Èkejì ni kí n to dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun jọ pẹ̀lú Ryzen 9 7950X tí ó ní kọ́ọ̀ 16, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti ra mọ́dábọ́ọ̀dù àti àwọn ìyókù, owó mi kò ní í ká ju RAM 32GB lọ. Dẹ́sítọ́ọ̀pù yìí wọ́n ju tòkunbọ̀ náà lọ, àmọ́ kì í ṣe iye tí apá mi kò ká.

Ẹni tí ó ń tà á sọ fún mi pé 28 ju 16 lọ, àti pé prọ́sẹ́sọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà) ni àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá ń lò, nítorí náà kò sí bí prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ilé ṣe lè bá a dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á tán. Kí gan-an ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín prọ́sẹ́sọ̀ sáfà àti ti dẹ́sítọ́ọ̀pù olówó ńlá? Ṣé iye kọ́ọ̀ ni kí n máa wò ni? Mo ti ra káàdì graphics RTX 3060 kan sílẹ̀. Èyí tí mo bá mú nínú méjèèjì ni yóò wọ inú rẹ̀.

Ìdáhùn: Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ẹni tí ó ń ta ọjà náà kò parọ́ pé 28 ju 16 lọ. Ohun tí kò sọ ni iye iṣẹ́ tí kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún 2016 ni Intel gbé E5-2680 v4 jáde, ó sì wà lára ìran prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní Broadwell. Bí kọ́ọ̀ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó lè sáré dé 3.3GHz (GHz kan jẹ́ ìṣísẹ̀ bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bí kọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá bá dìde pọ̀, wọn a rọ̀ sí nǹkan bí 2.9GHz. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni AMD gbé Ryzen 9 7950X jáde. Ó lè sáré dé 5.7GHz lórí kọ́ọ̀ kan, bí ohun tí ó ń tù ú bá sì dára, gbogbo kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlógún lè jọ wà ní àyíká 5GHz. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: 28 lọ́nà 2.9 jẹ́ 81, bẹ́ẹ̀ ni 16 lọ́nà 5 jẹ́ 80. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣísẹ̀ nìkan ni a ń kà, ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ prọ́sẹ́sọ̀ kan kò gùn tó ti òmíràn. AMD fúnra rẹ̀ sọ pé Zen 3, ọ̀kan nínú àwọn ìran prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀, fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe iṣẹ́ ju Zen 2 lọ nínú ìṣísẹ̀ kan náà, ó sì tún sọ pé Zen 4, tí í ṣe ìran 7950X, fi nǹkan bí ìdá 13 ju Zen 3 lọ. Broadwell ti wà kí èyíkéyìí nínú àwọn ìran Zen tó jáde rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá mú kọ́ọ̀ kan láti inú 7950X tí ẹ sì fi dojú kọ kọ́ọ̀ kan láti inú Xeon yẹn, ti Ryzen yóò yára jù ú ní ohun tí ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bí gbogbo kọ́ọ̀ bá jùmọ̀ ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn méjèèjì ti ta ọ̀mì nínú ìṣísẹ̀, Ryzen ni yóò ṣì ṣáájú, nítorí pé ìṣísẹ̀ tirẹ̀ ni ó gùn jù.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan kún un. Nígbà wo gan-an ni gbogbo kọ́ọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ fídíò? Nígbà tí ẹ bá ń export (tí ẹ ń kọ fídíò tí ó ti parí jáde), ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dìde. Nígbà tí ẹ bá jókòó tí ẹ ń gé, tí ẹ ń tò, tí ẹ ń yí àwọ̀ padà, kọ́ọ̀ díẹ̀ ni ó ń ru ẹrù náà, àwọn ìyókù á sì máa wòran. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Gene Amdahl, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1967. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, kọ́ọ̀ 16 yóò mú un yá ní ìlọ́po 6.4, kọ́ọ̀ 28 kò ní í mú un ju ìlọ́po 7.6 lọ, bí ẹ bá sì kó ẹgbẹ̀rún kọ́ọ̀ jọ, ẹ kò ní í dé ìlọ́po mẹ́wàá láéláé. Àwa ará Òṣogbo kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún wa, nítorí a mọ̀ pé ogún ènìyàn lè jọ di àdìrẹ kan kí ó sì yá, àmọ́ ogún ènìyàn kò lè mú kí aró tètè mu aṣọ. Apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín yẹn ni kọ́ọ̀ tí ó yára ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, iye kọ́ọ̀ kò sì lè ṣe é.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé sáfà ju dẹ́sítọ́ọ̀pù lọ, kì í ṣe ipò ọlá ni orúkọ náà. AMD ní prọ́sẹ́sọ̀ sáfà kan tí ń jẹ́ EPYC 9654, tí ó ní kọ́ọ̀ 96. Àwọn èérún sílíkọ́nì kéékèèké oníkọ́ọ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é, méjìlá nínú wọn ni ó sì wà nínú rẹ̀. Irú èérún Zen 4 yẹn kan náà ni ó wà nínú 7950X, méjì péré ni tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, AMD tún gbé EPYC 4564P jáde fún àwọn sáfà kéékèèké: kọ́ọ̀ 16, láti 4.5GHz dé 5.7GHz, wáàtì 170. Ẹ fi wé 7950X, ẹ ó rí i pé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò yàtọ̀. Ọpọlọ kan náà ni. Ohun tí a kó yí ọpọlọ náà ká ni ó yàtọ̀: iye RAM tí ó lè gbà, iye ọ̀nà PCIe tí ó ní (ojú ọ̀nà tí káàdì àti dísìkì fi ń bá prọ́sẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀), bí ó ṣe ń ṣọ́ àṣìṣe, àti iye wákàtí tí wọ́n retí pé yóò fi máa tàn láìsinmi. EPYC 9654 pàápàá kò kọjá 3.7GHz lórí kọ́ọ̀ kan, nítorí pé wáàtì 360 ni kọ́ọ̀ 96 ń pín láàárín ara wọn. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ yẹn tí owó rẹ̀ lè ra ilẹ̀ gé fídíò ìgbéyàwó, ó ṣeé ṣe kí 7950X dá yín lóhùn kíákíá jù ú lọ nígbà tí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa prọ́sẹ́sọ̀ méjì nínú àpótí kan. Nínú Z840, ìdajì RAM so mọ́ prọ́sẹ́sọ̀ kìíní, ìdajì so mọ́ èkejì. Bí kọ́ọ̀ kan bá nílò ohun tí ó wà nínú RAM apá kejì, ó di dandan kí ó gba orí okùn tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ kọjá, ìdádúró sì ń bá a lọ. Àwọn ètò tí wọ́n kọ fún sáfà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí àwa ń lò lórí tábìlì kò kà á sí.

Ìdáhùn: Ọmọ Ìgbọ́nà

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa kọ́ọ̀, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ fídíò, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀: irú fáìlì wo ni kámẹ́rà yín ń kọ?

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony àti Canon ìsinsìnyí lè kọ fídíò HEVC 4:2:2 oní-bit 10 (HEVC ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, 4:2:2 sì ń sọ bí àwọ̀ tí ó kọ ṣe pọ̀ tó). Inú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ nípa àwọ̀ ti pọ̀ ju ti 4:2:0 tí fóònù ń kọ lọ, ìdí nìyẹn tí aṣọ òkè àti gèlè ṣe máa ń jáde dáadáa nígbà tí a bá tún àwọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n láti tú irú fáìlì yẹn palẹ̀ ní iṣẹ́jú àáyá sí iṣẹ́jú àáyá jẹ́ iṣẹ́ líle. Bí kọ̀ǹpútà bá ní apá pàtàkì kan tí wọ́n dá sí i fún iṣẹ́ náà, kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá ní i, kọ́ọ̀ lásán ni yóò máa bá a jà, bí ẹ bá sì kó kámẹ́rà mẹ́ta sí orí timeline kan, àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Intel Core láti ìran kọkànlá síwájú ní apá yìí nínú graphics tí ó wà lára prọ́sẹ́sọ̀ náà; Quick Sync ni wọ́n ń pè é, Premiere Pro sì mọ̀ ọ́n lò. Xeon E5 kò ní graphics kankan nínú, nítorí náà kò ní Quick Sync rárá. Ryzen 9 7950X ní graphics kékeré nínú, àmọ́ kì í tú 4:2:2. RTX 3060 tí ẹ ti rà ń tú HEVC 4:2:0 dáadáa, ṣùgbọ́n NVIDIA kò fi ti 4:2:2 sí káàdì rẹ̀ títí di ìran RTX 50 tí ó jáde ní ọdún 2025. Ẹ rí i pé nínú ọ̀nà méjì tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí èyí tí yóò tú fáìlì yẹn fún yín láìlàágùn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ wa pé kí wọ́n wo Core i9-13900K tàbí èyí tí ó bá sún mọ́ ọn. Kọ́ọ̀ 24 ni ó ní, mẹ́jọ ńlá àti mẹ́rìndínlógún kékeré, ó sì lè sáré dé 5.8GHz. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ra èyí tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti pa graphics inú rẹ̀, Quick Sync sì ti bá a lọ. Owó rẹ̀ máa ń dínkù díẹ̀, òun sì ni àwọn kan máa ń gbé fún ẹni tí kò bá béèrè.

Àléébù kan wà tí n kò ní í fi pamọ́. Àwọn prọ́sẹ́sọ̀ alágbára ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá Intel ní ìṣòro kan, níbi tí fọ́ọ́tì iná (volt) tí ó ga jù ń ba prọ́sẹ́sọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí kọ̀ǹpútà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Intel gbé microcode (ìlànà kékeré tí ń darí prọ́sẹ́sọ̀ láti inú) 0x129 jáde láti dènà rẹ̀, 0x12B tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì àwọn prọ́sẹ́sọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Microcode tuntun ń dènà, kì í wo èyí tí ó ti bàjẹ́ sàn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, tuntun ni kí ẹ rà; ẹ má ra tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ìdáhùn: Ìyá Alámòójútó Sáfà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ mi ni láti bójú tó àwọn sáfà ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú yìí, mo sì fẹ́ gbèjà sáfà díẹ̀ kí ẹ tó sin ín láàyè.

Lákọ̀ọ́kọ́, HP Z840 kì í ṣe sáfà ní ti gidi. Workstation ni, èyí tí ó túmọ̀ sí pé prọ́sẹ́sọ̀ sáfà ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni wọ́n ṣe é fún. Sáfà gidi máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó dá dúró, tí mo lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sọ̀rọ̀, kí n tan sáfà náà tàbí kí n pa á, kí n sì rí ojú rẹ̀ láti ilé mi ní Òkè-Baálẹ̀, bí Windows tàbí Linux orí rẹ̀ bá tilẹ̀ ti kú. Ẹ kò ní í rí èyí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù dẹ́sítọ́ọ̀pù tí a mọ̀.

Ohun kejì tí ó jẹ mí lógún ju iye kọ́ọ̀ lọ ni RAM ECC. Fún bit 64 kọ̀ọ̀kan, irú RAM DDR4 yìí máa ń fi bit 8 mìíràn pa mọ́ fún ìṣọ́. Bí bit kan bá yí padà, yóò tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ké. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìtàn lásán ni. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Toronto àti ilé iṣẹ́ Google yẹ RAM inú àwọn kọ̀ǹpútà Google wò, wọ́n sì rí i pé láàárín ọdún kan, àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ohun tí ó ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún igi RAM wọn lọ. Bí bit kan bá yí padà nínú fídíò yín, àmì kékeré kan lè hàn lójú ìyàwó fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ẹni tí yóò rí i. Bí ó bá yí padà nínú máàkì ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tàbí nínú ìwé owó, ẹjọ́ ni. Ibẹ̀ ni sáfà ti tọ́.

Ibòmíràn tí ó ti tọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí gbọ̀ngàn ìdánwò bá kún, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tẹ ìdáhùn wọn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó nílò kọ́ọ̀ tí ń sáré ní 5.7GHz. Ohun tí wọ́n nílò ni pé kí kọ́ọ̀ pọ̀ tó láti dá gbogbo wọn lóhùn, kí RAM sì gbòòrò. Lórí èyí, dẹ́sítọ́ọ̀pù kò lè bá sáfà du nǹkan kan. Intel sọ pé E5-2680 v4 kan lè gbé RAM tó 1.5TB, EPYC 9654 sì lè gbé 6TB lórí ọ̀nà RAM 12, nígbà tí 128GB lórí ọ̀nà méjì péré ni AMD kọ sí ara 7950X. Ní ti PCIe, ọ̀nà 40 ni ó wà lára Xeon yẹn, 128 wà lára EPYC, nǹkan bí 24 ni ẹ sì rí lò lára Ryzen. Ẹni tí ó bá fẹ́ so káàdì graphics mẹ́rin àti ọ̀pọ̀ dísìkì pọ̀ mọ̀ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ orí ń sọ nǹkan. Ọ̀nà RAM mẹ́rin Xeon yẹn, pẹ̀lú DDR4-2400, ń gbé 76.8GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún prọ́sẹ́sọ̀ kan. Ọ̀nà méjì 7950X, pẹ̀lú DDR5-5200, ń gbé 83.2GB. Ìran tuntun ti fi ọ̀nà méjì ṣe ohun tí ìran àtijọ́ fi mẹ́rin ṣe.

Nítorí náà, ayàwòrán, ọmọ mi, n kò ní í rà á bí mo bá wà nípò yín. Kì í ṣe nítorí pé sáfà kò dára, bí kò ṣe pé iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò. RAM 128GB tí ó wù yín nínú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní registered gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí, kò ní í ṣiṣẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù dẹ́sítọ́ọ̀pù kankan lọ́jọ́ iwájú. Mọ́dábọ́ọ̀dù àti pákó iná inú Z840 jẹ́ ti HP nìkan, bí ọ̀kan bá jó, ẹ kò lè sáré lọ sí ìsọ̀ ìtòsí kí ẹ ra òmíràn. Microsoft kò ka E5 v4 mọ́ àwọn prọ́sẹ́sọ̀ tí Windows 11 fọwọ́ sí, ó sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Èsì: Ayàwòrán Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀yin màmá. Mo yẹ kámẹ́rà wò: HEVC 4:2:2 oní-bit 10 ni ó ń kọ ní tòótọ́, ohun tí Ọmọ Ìgbọ́nà sọ gan-an sì ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti yọ Z840 kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó ku ìbéèrè méjì. Ínfátà 3.5kVA ni mo ní, pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin oní-12V, 200Ah. Ṣé yóò lè gbé irú i9 tí ẹ dárúkọ yìí? Èkejì ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì fẹ́ máa mú fáìlì láti ibì kan náà. Ṣé èyí kò wá sọ ọ́ di sáfà padà?

Ìdáhùn: Oníná Ògo-Olúwa

Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná. Ìlú wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí gbogbo okùn iná gíga Nàìjíríà wà, síbẹ̀ àwa náà ń ra bátìrì. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ju báyìí lọ.

Wáàtì tí wọ́n kọ sí ara prọ́sẹ́sọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. 120 ni wọ́n kọ sí ara E5-2680 v4 kọ̀ọ̀kan, méjì rẹ̀ jẹ́ 240. 170 ni wọ́n kọ sí ara 7950X, ṣùgbọ́n ó lè gba 230 bí gbogbo kọ́ọ̀ bá dìde. 125 ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lára i9-13900K, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí 253, òun sì ni yóò gbà nígbà tí ẹ bá ń export. Ẹ ka 170 ti RTX 3060 mọ́ ọn, ẹ ka dísìkì, fáànù àti ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ti wà ní àyíká wáàtì 500. Ínfátà yín yóò gbé e láìsí wàhálà. Bátìrì ni kí a wò: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 9.6kWh, bí ẹ bá sì jẹ́ kí wọ́n lọ dé ìdajì nìkan, kí ẹ̀mí wọn lè gùn, 4.8kWh ni ẹ ní. Ìyẹn kò ní í ju wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ líle lọ lẹ́yìn ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, láìka gílóòbù àti fáànù ilé iṣẹ́.

Ohun tí ó ń pa owó mọ́ ju ni bí ẹ̀rọ ṣe tètè parí iṣẹ́. Ẹ̀rọ méjì tí ń gba wáàtì kan náà, tí ọ̀kan parí ní wákàtí kan tí èkejì lo méjì, iná tí èkejì jẹ jẹ́ ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Wáàtì 100 tí ó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá jẹ́ yúníìtì kan; ní iye 225 náírà tí NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, kọ́kọ́ gbé lé orí yúníìtì kan fún Band A (àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́) ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ 26 nínú oṣù yóò jẹ́ 5,850 náírà lórí wáàtì 100 péré. Ohun tí prọ́sẹ́sọ̀ méjì, RAM rẹpẹtẹ àti àwọn fáànù ńlá ń jẹ ní ìjókòó lásán kì í ṣe kékeré.

Ẹ wọ inú BIOS (ojú ètò tí a ń rí kí Windows tó tàn), kí ẹ fi òpin sí i9 náà ní wáàtì 125. Yóò pàdánù díẹ̀ nígbà export, ẹ kò sì ní í mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ń gé fídíò, nítorí pé kọ́ọ̀ díẹ̀ kì í fẹ́ wáàtì púpọ̀. Ooru rẹ̀ yóò dínkù pẹ̀lú, èyí sì ṣe pàtàkì nínú oṣù kẹta, nígbà tí yàrá fúnra rẹ̀ bá ti gbóná kí ẹ tó tan ohunkóhun. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa fọn eruku jáde nínú àwọn ihò fáànù.

Ìdáhùn: Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ní ti pínpín fáìlì, kò sọ ọ́ di sáfà padà, àbúrò. Ènìyàn mẹ́ta kì í ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àtijọ́ kan, oníkọ́ọ̀ mẹ́rin, tí ẹ bá ki háádì dísìkì méjì sí nínú kí ọ̀kan máa ṣe ẹ̀dà èkejì, tí ẹ sì fi okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì so mọ́ àwọn yòókù, tó fún iṣẹ́ náà. Okùn gígábíìtì ń gbé nǹkan bí 110MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì kámẹ́rà yín kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi Wi-Fi ṣe é.

Ibi tí mo ti yà sí Ọmọ Ìgbọ́nà díẹ̀ ni pé n kò rí ìdí tí ẹ ó fi ra i9. Core i7-14700K ní kọ́ọ̀ 20, mẹ́jọ ńlá tí ó jọ ti i9 àti méjìlá kékeré, ó lè sáré dé 5.6GHz, graphics inú rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà, nítorí náà Quick Sync rẹ̀ kò yàtọ̀. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi gbé RAM láti 32GB dé 64GB, nítorí pé 32GB ni yóò kọ́kọ́ há yín mọ́ra nígbà tí Premiere àti After Effects bá ṣí pọ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù irú prọ́sẹ́sọ̀ yìí wà ní oríṣi méjì, ti DDR4 àti ti DDR5. Ti DDR4 yóò dín owó kù, iṣẹ́ yín kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Bí ẹni tí ó tò ó bá gbé e dé, kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ní kí ó tan án lójú yín kí ó sì wọ inú BIOS. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ microcode sí. Bí ó bá kéré sí 0x12B, kí ó gba BIOS tuntun láti ojú òpó ẹni tí ó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù náà, kí ó fi sí i níbẹ̀, kí ẹ tó gbé fídíò kankan lé e lórí.